Àga Tí Dónà Lúsíà Dìde Fún Ọ

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Táyélolú mi, ọmọ tó sọ mí di ìyá ìbejì,

Ara mi le. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Kẹ́hìndé ìkejì rẹ ń jẹun dáadáa, ó tiẹ̀ ń jẹ ẹ́ jù. Ìkíni ti parí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi.

Mo mọ̀ pé o máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí rẹ̀ ni pé o ti gbọ́n jù mí lọ lórí fóònù. Bí mo bá ti fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn, o máa ní, "Màmá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa o, mi ò gbọ́ yín mọ́," bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ á máa dún ketekete létí mi bí ẹni pé inú yàrá kejì lo wà. Ọmọ kéékèèké ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ní ilé-ìwé, mo mọ ohùn ọmọ tó ń wá ọ̀nà àtisá. Lẹ́tà ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kẹ́hìndé á ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á fi ránṣẹ́ sí ọ, o ó sì kà á tán.

Ọ̀rọ̀ Sátidé tó kọjá ni mo fẹ́ sọ.

Ìwọ lo fi fídíò pè mí. O fẹ́ kí n fi ojú ara mi rí tábìlì tí o ti ń ròyìn rẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yìí, tábìlì gígùn tó wà ní ẹ̀yìn ilé kọfí àwọn ará Bùràsílì ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹ ti máa ń péjọ ní gbogbo Sátidé, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ èdè mìíràn àfi èdè Potogí títí ẹ ó fi tú ká. Mo rí i. Mo rí òyìnbó níbẹ̀, mo rí ará Íńdíà, mo rí àwọn ọmọ Bùràsílì fúnra wọn, àwọn kan pupa, àwọn kan dúdú bíi tiwa. Mo wá rí ọ láàárín wọn. Ò ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ ń lọ sókè sódò, gbogbo wọn dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín rere ni, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n orí mi wú débi pé mo ní kí Kẹ́hìndé bá mi di fóònù mú kí n lè pàtẹ́wọ́.

Ọmọ yìí, mo fi ọ́ yangàn. Jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn síta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ wí.

Lẹ́yìn náà lo yí fóònù sí Dónà Lúsíà, ìyá àgbà tó dá tábìlì náà sílẹ̀. O ti ṣàlàyé fún mi pé bí àwa ṣe ń fi "Màmá" ṣáájú orúkọ àgbàlagbà obìnrin ni àwọn náà ń fi "Dónà" ṣáájú tiwọn. Mo sì ti béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, mo ti mọ̀ pé èmi ni mo fi díẹ̀ dàgbà jù ú lọ, nítorí náà bí o bá rí i tí mo ń kọ "ó wí, ó ṣe", má rò pé mo ń rí i fín. Ẹgbẹ́ mi ni.

Mo kí i ní Yorùbá, ó kí mi ní Potogí, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo ní kí Kẹ́hìndé yí fóònù sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó rí agbada tí mo fi ń yan gàrí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo bu gàrí lẹ́kùnwọ́, mo gbé e sún mọ́ fóònù. Òun náà dìde, ó wọ ilé ìdáná àwọn oníkọfí yẹn, ó bu tiwọn jáde nínú àwo, ó gbé e sún mọ́ fóònù tirẹ̀. Àwa méjèèjì kígbe. Ẹ̀gẹ́ ni! Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún, tí wọ́n yan bí a ṣe ń yan án níbí!

Ó wá gbé àwo náà kalẹ̀. Ó wojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ. Mo bi ọ́ pé kí ló wí.

"Wọ́n ní gàrí yín dáa, mà."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, Táyé? Gàrí nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n kàn máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni."

Dónà Lúsíà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó dájú pé òun náà ti tọ́ ọmọ rí. Ó mọ̀ pé o ti gé ọ̀rọ̀ òun kúrú. Ó lọ sí ìpẹ̀kun tábìlì níbi tí àga rẹ̀ wà, àga onígi tó ga ju ti àwọn yòókù lọ, ó dì ọ́ léjìká méjèèjì, ó fi ọ́ jókòó sórí rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn àga náà mú, ó wá na ìkejì sí mi nínú fóònù bí ẹni tó ń bi mí pé ṣé mo rí i. Ìwọ náà ńkọ́? O fò dìde bí ẹni tó jókòó lé iná. Lẹ́yìn ìyẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ bàjẹ́.

Mo yíjú sí Kẹ́hìndé. Mo ní kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Mo ní kò burú, kò ní jẹ ọbẹ̀ ìlasa tó wà lórí iná nígbà náà. Kíá ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o. Màmá yẹn ń padà sí ìlú wọn ní Báyà, ní Bùràsílì lọ́hùn-ún. Táyé ni wọ́n fẹ́ kó máa darí tábìlì náà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní kó fún àwọn lésì ní Sátidé tó ń bọ̀. Táyé ní òun ò ní gbà."

"Kí ló dé?"

"Ó ní ta lòun tí òun á fi jókòó sórí àga àgbà."

Má bá Kẹ́hìndé jà. Ọbẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ mi ni. Nítorí náà, jókòó kí o gbọ́ mi dáadáa.

Èkínní: má gé ọ̀rọ̀ ìyìn rẹ kúrú fún mi mọ́ láéláé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń yìn ọ́ lójú mi, ní èdè yòówù kó jẹ́, túmọ̀ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Èmi ni mo ni ín. Nígbà tí inú ń run ọ́ tó ò jẹ́ kí n sùn, ṣé mo gé e kúrú?

Èkejì: ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí o sọ fún mi nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o débẹ̀. Dónà Lúsíà na ọwọ́ méjèèjì láti gbá ọ mọ́ra kí ó fẹnu kò ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ bí àṣà wọn, ìwọ sì ti kúnlẹ̀ gbì sílẹ̀ bí àṣà wa, ó gbá afẹ́fẹ́ mọ́ra, díẹ̀ ló kù kí ó ṣubú lé ọ lórí. O ní ojú tì ọ́ débi pé o fẹ́ padà sílé. Kò sí ọmọ ibòmíràn tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìkan ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbọ́: o sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni o ò ti kúnlẹ̀ mọ́, pé o kàn ń na ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀ fún wọn. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe méjèèjì. Kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ráńpẹ́, kí o wá dìde kí wọ́n fẹnu kò ọ́ lẹ́nu bó bá wù wọ́n. Lẹ́rẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Lẹ́rẹ̀kẹ́ o!

Ẹ̀kẹta: o ní ahọ́n rẹ wúwo, pé bó o bá ń sọ Potogí, wọ́n ṣì ń gbọ́ Igbó-Ọrà nínú rẹ̀. Kí ló burú ńbẹ̀? Ṣé ibi burúkú ni Igbó-Ọrà ni?

Mi ò tíì sọ èyí fún ọ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, abà kan lọ́nà Igangan ni wọ́n gbé mi lọ, ọ̀kadà ló ń gbé wa débẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, ẹsẹ̀ ni. Ìdajì àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ jẹ́ ọmọ àwọn Ègùn tó ń ṣe gàrí ní abà náà. Àwọn ìyá wọn máa ń pè mí kí n wá bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo máa ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ la ẹnu mi sọ Ègùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo rò ó pé bí tíṣà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú òbí, iyì rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo jókòó síbẹ̀ bí ère, mò ń bó ẹ̀gẹ́, mò ń mi orí. Àwọn obìnrin náà sì rò pé mò ń gbéra ga. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dẹ́kun pípè mí.

Obìnrin kan wà níbẹ̀, Ìyá Sẹ̀nàmì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ kí ó lè lọ dín iná kù lábẹ́ agbada. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Nínú ìbẹ̀rù, mi ò mọ̀gbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní Ègùn, Ègùn tó wọ́, tó fọ́, tí orí rẹ̀ wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyá Sẹ̀nàmì di òpó mú kó má bàa ṣubú. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ń fi gàrí gbígbóná ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń sọ wàhálà ilé ọkọ wọn fún mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí tí mò ń yan tà lónìí. Gbogbo àkókò tí mo fi pa ẹnu mọ́ kó má bàa di pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo kàn fi ń fi ọ̀rẹ́ du ara mi ni. Nítorí náà, jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Igbó-Ọrà lẹ́nu rẹ. Bí ahọ́n rẹ bá wúwo, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà á rí ọ, ọkàn wọn á balẹ̀ láti sọ tiwọn. Dónà Lúsíà ò lè ṣe ìyẹn fún wọn. Inú èdè náà ni wọ́n bí i sí.

Mi ò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́, ṣùgbọ́n èyí ṣe pàtàkì. O sọ fún mi pé o máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú orin àwọn ará Báyà, àti nínú orúkọ oúnjẹ wọn, pé wọ́n ń jẹ àkàrà tí wọ́n là nínú tí wọ́n fi edé há, pé wọn ò sì pe àwọn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tọ́. O ní o ti ń tún un ṣe fún wọn. Táyé, jọ̀ọ́, fi wọ́n sílẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti na ọmọ rí nítorí àmì ohùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kọjá lórí omi lẹ́nu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, nínú ìyà tí ẹnu ò lè sọ. Kò sí tíṣà tó tẹ̀ lé wọn lọ, kò sí ìwé. Ìyá ló ń gbé e fún ọmọ. Bí ẹnìkan bá kọ ọ̀rọ̀ bàbá-ńlá rẹ̀ lórin fún ọ, dákẹ́ kí o gbọ́. Bó bá bi ọ́ bí a ṣe ń pè é nílé, sọ fún un. Bí kò bá bi ọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, èyí tó ní kí o má lọ sí tábìlì yẹn mọ́ torí pé wọ́n ń dárúkọ òrìṣà nínú orin wọn? Sọ fún un pé màmá rẹ tó ń kọ orin nínú kọ́ya ló kí i. Sọ fún un pé ọdẹ tó ń bọ Ògún ni bàbá bàbá rẹ, pé òun ló máa ń gbé èmi Kìrìsìtẹ́nì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí oyún yín wúwo lára mi, tí á sì jókòó sábẹ́ igi dè mí títí a ó fi ṣe tán. Mo mọ ẹni tí mò ń sìn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá pa mí lẹ́rìn-ín ní oṣù Òkúdù. Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, níbi tí ẹ ti ń ṣe ọdún àgbàdo wọn, tí gbogbo yín wọ aṣọ alábùlẹ̀ àti fìlà koríko, tí ẹ ń jẹ àgbàdo sísè àti ẹ̀pà, tí ẹ ń jó yí iná ká! Ará ìlú ńlá ń rán àbùlẹ̀ mọ́ aṣọ tuntun kí ó lè dà bí àgbẹ̀. Mo fi han Ìyá Àlàkẹ́ tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́, ó wo aṣọ oko ara rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé tèmi wà ńlẹ̀ o, kí wọ́n wá gbé e." Àmọ́ mo rí nǹkan kan nínú fọ́tò yẹn. Ọmọ tó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì pé ará Ìbàdàn lòun, tó máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí kí ó tó da gàrí sórí ẹ̀wà, òun ló dúró láàárín Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú fìlà oko lórí, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan yín àgbàdo. Àwọn ará Bùràsílì ló dá ọ padà fún mi. Mo jẹ wọ́n ní ọpẹ́.

Ó wá kan àga.

Òótọ́ ni pé èmi ni mo kọ́ ọ pé ọmọ kì í jókòó sórí àga àgbà. O ṣì kéré nígbà tí mo fà ọ́ kúrò lórí àga bàbá rẹ ní pálọ̀, ìgbà tó lọ sóko. O sunkún títí. Láti ìgbà náà, o kì í tiẹ̀ gba iwájú àga yẹn kọjá láì tẹ orí ba. Bí bàbá rẹ sì ti kú, mo da aṣọ bo àga náà. Mò ń nù ún, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Bí àlejò bá ti fẹ́ bọ́ sórí rẹ̀, Kẹ́hìndé á wúkọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ọ parí, torí pé èmi náà ò mọ ìyókù nígbà náà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo dé láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdágbére fún mi ní ilé-ìwé, bàbá rẹ jókòó sí pálọ̀ ó ń dúró dè mí. Ó wo gèlè mi, ó wo ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ mi, ó dìde. Ó ní, "Tíṣà, wá jókòó."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa ṣeré. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè jókòó síbẹ̀." Mo lọ jókòó sórí ẹní. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún un. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀yìn àga náà, bí ti Dónà Lúsíà ṣe wà lọ́jọ́ Sátidé. Ó wá jókòó padà. Kò sọ ọ́ mọ́ títí ó fi lọ.

Ìgbà tí mo rí obìnrin yẹn tó dúró sẹ́yìn rẹ nínú fóònù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí bàbá rẹ ń fún mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ ò gbọdọ̀ fi ara rẹ̀ sórí àga àgbà, ìyẹn ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọ́ jókòó, tí o wá fò dìde, ìwọ́sí lo fi kàn án. Ò ń sọ fún un pé kò mọ ẹni tó yẹ kí ó yàn. Ó ti wo gbogbo wọn níbi tábìlì yẹn, ọmọ Bùràsílì àti ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bùràsílì. Ọmọ Igbó-Ọrà ló mú.

Nítorí náà, lọ gbà á. Ní Sátidé, kúnlẹ̀ fún un, jẹ́ kó fẹnu kò ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, kí o wá jókòó. Má jókòó sí etí àga o, jókòó dé ẹ̀yìn. Kí o sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún un, láì gé e kúrú: mo ní ó ṣeun tó bá mi rí ohun tó wà lára ọmọ mi. Mo ní bó bá dé Báyà, kí ó máa pè mí, a ó máa fi gàrí han ara wa. Mo ti di àpò kékeré kan fún un, ẹnìkan ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti Èrúwà tó máa gbé e dé kí ó tó lọ.

Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ìgbà tí mo kọ dé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, mo dìde, mo wọ pálọ̀, mo ká aṣọ kúrò lórí àga náà, mo jókòó. Ó dún díẹ̀. Apá rẹ̀ gbòòrò, ó dára fún ìwé kíkọ. Kẹ́hìndé wọlé, ó rí mi, ó dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá?"

Mo ní, "Kí lò ń wò? Lọ bu omi wá fún mi."

Ibẹ̀ náà ni mo wà títí di bí mo ṣe ń kọ gbólóhùn yìí. Bí o bá ti jókòó sórí tìrẹ ní Sátidé, fi fídíò pè mí. Orí àga bàbá rẹ lo máa bá mi.

Èmi ni,
Tíṣà, ìyá rẹ.